Fọ́ǹtì bold italic tó ní serif: ẹwà ẹ̀ àti ibi tó yẹ ẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bold italic, ìyẹn lẹ́tà tó nípọn (bold) tó sì fì (italic), àwọn tó ní serif yẹn, ẹsẹ̀ kéékèèké tó máa ń wà létí igi lẹ́tà, torí mo fẹ́ràn wọn débi pé tí mo bá rí èyí tó dáa níwájú ìwé, mo máa ń dúró wò ó dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé italic gidi kì í ṣe lẹ́tà tó dúró ṣánṣán tí wọ́n kàn tì kó fì sọ́tùn-ún. Wọ́n tún un yà látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ wo "a" kékeré, èyí tó dúró máa ń ní ọrùn tó tẹ̀ bò ó lókè, ṣùgbọ́n tó bá ti di italic ọrùn yẹn á lọ, á wá ku ikùn roboto kan àti igi tó fara tì í, bá a ṣe ń fọwọ́ kọ ọ́ gẹ́lẹ́. "f" náà sábà máa ń na ìrù kọjá ìsàlẹ̀ ìlà.

Ìkọ̀wé ọwọ́ ló sì ti wá lóòótọ́. Agbẹ́-lẹ́tà kan, Francesco Griffo, ló gbẹ́ italic fún òǹtẹ̀wé Aldus Manutius ní Venice, wọ́n fi tẹ ìwé Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, ní 1501, odindi ìwé o, lẹ́tà ńlá ibẹ̀ ò tiẹ̀ fì rárá. Bold ní tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé, fọ́ǹtì Clarendon tó jáde ní London ní 1845 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti máa dúró ti lẹ́tà tó fẹ́lẹ́ kó lè mú ọ̀rọ̀ kan yọ. Nǹkan méjì tó ń pe àkíyèsí ló wá pàdé nínú bold italic, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi kọ odindi ìpínrọ̀ láé.

Àkọlé ló yẹ ẹ́, iwájú ìwé, káàdì ìpè, tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín àkọlé tó dúró. Kó tóbi, kí àyè sì wà láyìíká ẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì tó jọ Bodoni, ibi tó nípọn nínú wọn nípọn gan-an, ibi tó tinrín sì dà bí irun, tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di kékeré lórí fóònù irun yẹn á pòórá, ihò inú "e" á dí, kò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ má sì fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà ńlá, ẹ jọ̀ọ́, inú lẹ́tà kékeré lẹwà ẹ̀ wà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ayédèrú. Tí fáìlì bold italic gidi ò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á mú lẹ́tà tó dúró, á tì í kó fì, á tún fi kún ìnípọn ẹ̀. Tí "a" bá ṣì ní ọrùn lórí, ẹ fura. Lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ kọ font-synthesis: none sínú CSS yín, ìyẹn kóòdù tó ń sọ bí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù ṣe máa rí, kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ wá gbé fáìlì gidi síbẹ̀. Playfair Display àti EB Garamond ní tiwọn, ọ̀fẹ́ ni lórí Google Fonts.

Kẹ́ ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ́, ẹ̀ àti ṣ wò. Nínú èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe, àmì ohùn á bá lẹ́tà fì, á jókòó sórí ẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn mìíràn àmì á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà yẹn látinú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ̀ẹ́ kàn rí i tó dúró ṣánṣán láàárín àwọn tó fì. Irú ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó, mi ò ní fi kọ Yorùbá.