Òun gan-an ni

Ọjọ́rú, oṣù Kọkànlá. Laminga, lẹ́bàá Jos.

Ọyẹ́ ti dé. A ti wà nínú igbó Amurum kí ilẹ̀ tó mọ́, à ń na àwọ̀n tí a fi ń mú ẹyẹ, ká lè fi òrùka onínọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀, ká sì tú wọn sílẹ̀. Ìka ọwọ́ mi ti kú tán. Àwọ̀n náà fẹ́lẹ́ débi pé ẹyẹ kì í rí i. Ó kàn máa fò lù ú ni, á sì bọ́ sínú àpò tó wà lára rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ rárá, torí òtútù tàbí oòrùn lè pa ẹyẹ kékeré láàárín àkókò díẹ̀. Nítorí náà, à ń yí àwọ̀n po ṣáá ni.

Bulbul, irú ẹyẹ kékeré kan, ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ké, ó ń sọ mí níka jẹ. Mo fi ìka méjì há ọrùn rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀: òrùka ti wà níbẹ̀! Ó ti ṣú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì ṣeé kà. A ṣí ìwé. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n fi sí i, àgbà ẹyẹ ni wọ́n sì kọ pé ó jẹ́ nígbà náà. Ẹyẹ tí kò wúwo tó ogójì gíráàmù! Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìyẹ́ ikùn rẹ̀ láti wo ọ̀rá abẹ́ awọ, mo wọn apá rẹ̀, mo ṣí ọwọ́, ó lọ.

Olùkọ́ ni Hans Christian Mortensen ní Viborg, ní Denmark. Ní 1899, ó fi òrùka alumíníọ̀mù tó ní nọ́ńbà sẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ starling. Ká ní kò sí irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni, “bulbul kan” ni mi ò bá pe ti òní, mi ò sì ní mọ̀ pé òun gan-an ni.

Màámi pè láti Ìbàdàn nígbà tí à ń mu tíì.

“Ṣé irin yẹn ò ní wúwo fún un? Ẹ má fìyà jẹ ẹyẹ ẹlẹ́yẹ o.”

“Rárá, mà. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀.”

“Á jẹ́ pé bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ọmọ ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Lọ́sàn-án, mo gba ojú oko lọ. Wọ́n ti ń gé ọkà bàbà. Whinchat kan, ẹyẹ kékeré tó máa ń ti Yúróòpù wá lo ọ̀gbẹlẹ̀ níbí, dúró sórí pòròpórò kan tó kù, ìlà funfun lókè ojú rẹ̀ bí ẹni fẹfun kùn ún. Òrùka aláwọ̀ mélòó kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹyẹ méjì tí ìtò àwọ̀ òrùka wọn bára mu. Mo fi awò wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ti èṣí ni, lóko kan náà. Ìwádìí Emma Blackburn àti Will Cresswell ní agbègbè Jos yìí ti fi hàn pé èyí tó bá yè bọ̀ lára àwọn whinchat sábà máa ń padà síbi tó ti lo ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Mo ti kà á rí, àmọ́ ojú mi ló rí i lónìí. Ó lọ sí Yúróòpù, ó la Sàhárà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún mọ oko yìí.

Mo jókòó sórí àpáta, mò ń wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa kòkòrò kan, ó tún padà sórí pòròpórò kan náà.