Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ẹ̀ṣọ́ inú oven gáàsì yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí ẹ bá ní sítóòfù gáàsì tó ní oven nísàlẹ̀, tí iná oven náà sì máa ń kú ní kété tí ẹ bá ti fi nọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, kò tíì kúrò lára mi. Títí di òní, àyà mi máa ń já bí mo bá gbọ́ òórùn gáàsì, kódà èyí tó máa ń tú díẹ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ sílíńdà.

Kéèkì ni mo ń ṣe tà nínú ilé, sítóòfù tòkúnbọ̀ ni mo sì ń lò. Nígbà tí iná oven rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú bẹ́ẹ̀, mo pe bọ̀dá kan tó ń tún gáàsì ṣe. Kò pẹ́ rárá tó fi parí iṣẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu mọ́, mo ti yọ ohun tó ń fa wàhálà kúrò. Kò ní kú mọ́ láé." Lóòótọ́ ni kò kú mọ́. Mo sanwó fún un, mo sì gé kéèkì fún un lé e. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ohun tó yọ yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ tó ń sé gáàsì nígbà tí iná bá kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé kéèkì ọjọ́ ìbí tí oníbàárà fẹ́ gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì sínú oven. Òjò ṣú, atẹ́gùn dé, ó sì gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣíìnì mọ́ ògiri. Mo sáré jáde lọ kó aṣọ lórí okùn. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n mú iná lọ, tí gbogbo ilé sì ṣókùnkùn. Bí mo ṣe kó aṣọ wọlé ni òórùn náà kọlù mí. Mo gbọ́ tí gáàsì ń tú nínú oven, ṣùgbọ́n n kò rí iná kankan lójú gíláàsì rẹ̀. Atẹ́gùn ti pa iná, gáàsì sì ń tú lọ láìsí ohun tí yóò sé e. Lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo rí àbúrò ọkọ mi tó gbé fìtílà dání, tó ti yọ ẹyọ ìṣáná kan, tó sì fẹ́ ṣá a. Mo pariwo pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣá a!" Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Bí ó bá ti ṣá a, n kò ní wà níbí láti kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo dúpẹ́ pé ìta ni sílíńdà wa wà. Mo yí ilé po, mo ti sílíńdà náà. Wọ́n mú ìyá ọkọ mi gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde bọ́ sínú òjò, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí a dúró síta tán ni mo rántí fíríìjì. Inú kíṣíìnì ló wà, bí iná bá sì dé, yóò tan ara rẹ̀. Ìtapàrà kékeré tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ti tó láti mú kí gáàsì gbiná. Àbúrò ọkọ mi sáré lọ sídìí mítà lára ògiri ìta, ó sì pa iná ilé wa níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Iná tàn ní gbogbo ilé tó yí wa ká, tiwa nìkan ló dúdú. Ìyá ọkọ mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a sì dúró síta pẹ́ kí a tó wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, butane, ọ̀kan lára àwọn gáàsì tó wà nínú rẹ̀, wúwo tó ìlọ́po 2 afẹ́fẹ́. Nítorí náà, kì í gba ojú fèrèsé gòkè jáde wẹ́rẹ́, ilẹ̀ ló máa ń rà mọ́, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti lẹ́yìn fíríìjì. Bí ó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ti lè gbiná.

Lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ àgbà kan láti Mọ́kọ́lá bá mi fi fáàfù mìíràn, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà gáàsì tó sì ń tì í, sí i lójú mi, oven náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó dùn mí jù ni pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ọ̀pá tó ń mọ̀ bóyá iná ń jó, kò bàjẹ́ rárá. Èéfín ló bò ó. Mo fi sáńpépà tó kúnná nu orí rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Thermocouple ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irin oríṣi méjì ni a so pọ̀ ní orí rẹ̀, ó sì wà lójú iná oven. Bí iná bá ń gbóná lára rẹ̀, ó máa ń mú iná mànàmáná kékeré jáde, nǹkan bí mìlífóòtì 20 sí 30, tí kò tó ìdá kan nínú ogójì agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Agbára kékeré yẹn ni mágnẹ́ẹ̀tì inú fáàfù fi ń di ọ̀nà gáàsì mú kó má ṣe padé. Bí iná bá kú, orí ọ̀pá á tutù, mágnẹ́ẹ̀tì á tú u sílẹ̀, gáàsì á sì dúró. Bọ̀dá yẹn yọ mágnẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun yóò "yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò kí ara yín balẹ̀," ẹ ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó sàn kí oven má ṣiṣẹ́ fún oṣù kan ju kó máa ṣiṣẹ́ láìní ẹ̀ṣọ́ lọ.

Àwọn kan yóò ní kí n ti ra tuntun dípò tòkúnbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ níbẹ̀. Sítóòfù náà wá pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, oníṣẹ́ ló yọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ra tòkúnbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò ni jẹ́ẹ̀tì bọ́nà, ìyẹn ẹnu kékeré tí gáàsì ń gbà lọ síbi tí iná ti ń jó, nítorí pé gáàsì inú páìpù ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún, ihò jẹ́ẹ̀tì wọn sì tóbi ju ti gáàsì sílíńdà lọ. Bí iná yín bá ga, tó pupa, tó sì ń dú ìdí ìkòkò, ẹ pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ ti sílíńdà, ẹ yọ wáyà sítóòfù kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ gbé irin ìsàlẹ̀ oven kúrò, ẹ ó rí bọ́nà àti orí sẹ́ńsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ nu èéfín orí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ kúrò lójú iná, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ le, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà fún un díẹ̀ péré. Bí ẹ bá tàn án, ẹ di nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹ tó fi sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kú, ẹ mú èyí àtijọ́ lọ sí ọjà Ògùnpa kí ẹ lè ra èyí tó bá a mu ní gígùn àti ní orí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé inú fáàfù, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dúró tì í. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wo gbogbo ojú ìsopọ̀ tí ọwọ́ bá kàn, ẹ má ṣe fi ìṣáná wò ó láé.

Ẹni tí oníṣẹ́ ti fọwọ́ kan oven rẹ̀ rí lè yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan oven fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá lọ ti sílíńdà kí iná náà lè kú fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí ẹ gbọ́ kó dún "kọ́", èyí ni ìró mágnẹ́ẹ̀tì tó tú ọ̀nà gáàsì sílẹ̀ kó lè padé. Ẹ pa nọ́ọ̀bù kí ẹ tó tún ṣí sílíńdà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró náà, ẹ má ṣe tan oven yẹn mọ́ títí ẹnìkan tó mọṣẹ́ yóò fi wo inú fáàfù rẹ̀.