Àǹtí mi àti kẹ̀kẹ́: ibi tí a bá a dé

Ọjọ́ kìíní. Àbúrò ìyá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ní kí n kọ́ àwọn ní kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni o, kì í ṣe Márúwá. Ẹni ọdún 46 ni wọ́n, wọn ò gùn ún rí. Abẹ́òkúta wa yìí ẹ̀wẹ̀, ibi tí kì í bá ṣe òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. A ṣáà rí pápá ilé-ìwé kan ní Ìdí-Àbà. Mo di ìjókòó mú lẹ́yìn, mo ń sáré tẹ̀lé wọn bí bàbá mi ti ṣe fún mi. Bí mo bá ti fọwọ́ sílẹ̀ báyìí, wọ́n á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ mi ló ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró, ara tiwọn ò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún méje sì ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́ mi. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kejì. Mo tú pẹ́dà méjèèjì kúrò kí wọ́n lè kọ́kọ́ máa fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ. Ti òsì gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi, àṣé ṣe ni mo ń dè é mọ́lẹ̀! Ọ̀nà òdì ni tòsì ń gbà tú. Ẹ fi sípánà 15 kọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè, kí ẹ fà á sí ọ̀nà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ̀tún. Mo rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì fi kanlẹ̀ dáadáa.

“Àǹtí, ìró yìí á kó sí táyà o.”

“Kí n wá wọ ṣòkòtò lójú àwọn ọmọléèwé?”

Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Bíréèkì la fi bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n rọra fún méjèèjì pọ̀, torí tiwájú nìkan lè dojú èèyàn délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, tí wọ́n ń gbé e sókè, tí kẹ̀kẹ́ ń yọ̀ lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò ṣáá. Mo ní kí wọ́n máa wo igi máńgòrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí tó ṣòro gbà jù ni pé apá ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ń dà sí gan-an ni kí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sí díẹ̀, kí táyà lè padà sábẹ́ wọn. “Ibi tí mo ti ń ṣubú náà ni kí n tún lọ?” Wọ́n bú mi díẹ̀. Nígbà tó yá, ara wọn gbà á.

Ọjọ́ kẹfà. Pẹ́dà padà sójú ẹ̀. Wọ́n wà á dé ìdí máńgòrò láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n fún bíréèkì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lódindi yí padà, wọ́n tún gùn ún bọ̀. A ò tíì kọ́ yíyà.