Kámpù àwọn ọ̀gá

Mi ò sùn dáadáa lánàá. Kò sí nǹkan tó ṣe mí o, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé bọ̀ láti ìpàdé, ó bá mi dórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún bá mi jí láàárọ̀ yìí.

Ìpàdé fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú. A ka orúkọ àwọn ọmọ tó ti fẹ́ lọ kámpù sìkáòtù ti dísíríìtì wa, wọn ò pọ̀, a ń wojú ara wa, kọmíṣọ́nà sìkáòtù wa ní ká tún kọ lẹ́tà mìíràn sáwọn òbí, mo ní ó dáa. Ó parí. Ìgbà tí mo wá lọ gbé àpótí okùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo gbọ́ àwọn ọmọ méjì kan tí wọ́n jókòó ti ògiri, tí wọ́n ń ta kókó. Ọ̀kan bi èkejì pé ṣé ó máa lọ kámpù. Èkejì ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Kámpù àwọn ọ̀gá ni jàre. Àwa kàn ń bá wọn ru ẹrù ni."

Wọn ò rí mi. Mo dúró síbẹ̀ tòun ti àpótí lọ́wọ́ bí olè.

Inú kọ́kọ́ bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ohun tójú mi rí lórí ètò kámpù lọ́dún tó kọjá. Ẹ mọ iye òru tí mo fi jókòó ti fọ́ọ̀mù, ọmọ wo ló ní ikọ́ fée, ọmọ wo ni ò gbọ́dọ̀ jẹ kí ni, òbí wo ni ò tíì fọwọ́ sí i, ibo la ti máa rí omi, ibo la máa gbẹ́ ṣáláńgá sí tí kò ní sún mọ́ ibi ìdáná, ta ló máa wà nídìí àpótí oògùn lóru, gbogbo ẹ̀ lórí èmi nìkan. Kí ọmọ tí ò tíì ga tó ìdajì ọ̀pá àsíá wá ní ẹrù wa lòun ń rù. Ẹrù ta ni? Ṣé èmi ni mo sọ pé kí wọ́n wá tẹ́ ẹ̀yìn mi tó ń ro mí yìí sórí ilẹ̀ fún òru mẹ́ta ni?

Àmọ́ ṣá...

Láàárọ̀ mo lọ wá ìwé ètò ọdún tó kọjá jáde. Mo ní kí n fi han ara mi pé irọ́ lọmọ yẹn ń pa. Mo mú bírò pupa, mo ní gbogbo ibi tó bá jẹ́ pé àwa àgbà la pinnu ẹ̀ ni màá fàlà sí nídìí. Jíjí, àwa ni. Àyẹ̀wò tẹ́ǹtì, àwa ni. Àsíá, títò sórí ìlà, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ láti ẹnu ọ̀gá mẹ́rin (mẹ́rin! èmi ni ìkẹta), ìdíje tí a ti yan ohun tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, orin tí wọ́n máa kọ nídìí iná alẹ́ pàápàá, a ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nígbà tí mo fi máa débi tó sọ pé "àkókò ìsinmi, ìṣẹ́jú 30" ìwé yẹn ti pupa kanlẹ̀. Mo dẹ̀ rántí pé ìṣẹ́jú 30 yẹn ò pé tí ẹnì kan fi fọn fèrè kó wọn jọ. Ẹ má bi mí ta ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi yìí náà ni mo máa ń sọ ìtàn Brownsea fáwọn ọ̀gá tuntun, tí màá máa fọwọ́ sọ̀yà, pé lóṣù kẹjọ ọdún 1907 Baden-Powell, bàbá tó dá sìkáòtù sílẹ̀, kó bíi 20 ọmọkùnrin lọ sórí erékùṣù yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ pọ̀, ó pín wọn sí pátírò mẹ́rin, ìyẹn ẹgbẹ́ kéékèèké, Wolf, Bull, Curlew, Raven, ó fi ọmọ kan ṣe olórí pátírò kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ lóòótọ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni tàwọn òru yẹn. Pátírò kan á gba oúnjẹ tútù, wọ́n á jáde kúrò ní kámpù, wọ́n á dáná tiwọn, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, bàbá fúnra ẹ̀ á wá máa yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ nínú òkùnkùn láti mọ̀ bóyá wọ́n máa mú òun. Àgbà ló ń yọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọdé. Èmi náà yọ́ lánàá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara mi ni mo lọ bá níbẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ ṣá o. Lọ́dún 1907 ta ló ń kọ fọ́ọ̀mù? Tí mo bá jẹ́ kí ọmọ mẹ́fà lọ sùn sínú igbó lónìí láìsí àgbà ní tòsí, àwọn òbí ò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó wá mi wá, wọ́n ò sì jẹ̀bi. Òfin ààbò ọmọdé yẹn, mo fara mọ́ ọn, mo mọ ìdí tó fi wà. Bóyá ó kàn rẹ ọmọ yẹn náà ni. Ọmọdé máa ń sọ̀rọ̀ kó lè dùn létí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Àbí bóyá ìdánwò ló ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, torí àwa náà la tún lọ mú ọjọ́ tó bọ́ sásìkò ìdánwò, a ò sì kéde ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo wá rántí àmì yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni, lọ́dún tó kọjá. Lójú ọ̀nà tó lọ síbi omi, àwọn kan ti to òkúta sílẹ̀ róbótó, wọ́n fi ọ̀kan sáàárín. Ẹ̀yin sìkáòtù mọ̀ ọ́n, àmì "mo ti lọ sílé" ni, òun náà ló wà lórí sàréè Baden-Powell ní Nyeri, ní Kẹ́ńyà. Kámpù ṣì ku ọjọ́ kan gbáko kó tó parí. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ya fọ́tò ẹ̀. Mo fi sínú ìròyìn tí mo kọ sí kọmíṣọ́nà, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọn ọmọ ti mọ àmì ojú ọ̀nà dunjú.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn kàn lọ.

Lẹ́tà tí wọ́n ní kí n kọ ṣì wà nílẹ̀. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ́ ló ń kó èèyàn wá, èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn tírúùpù, ìyẹn ẹgbẹ́ sìkáòtù kọ̀ọ̀kan, tó wá lọ́dún tó kọjá, àwọn tí mo pe ọ̀gá wọn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn tó kù, àtàǹpàkò ni wọ́n gbé sókè fún mi lórí WhatsApp, mi ò rí wọn. Ọ̀gá kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ojú ń ti òun láti kó ọmọ mẹ́ta péré wá, mo ní kó kó wọn bọ̀, a máa pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn kí wọ́n lè di pátírò kan, bó ṣe wá nìyẹn.

Lọ́sàn-án mo wá ní kí n dán nǹkan kan wò. Mo ní káwọn ọ̀gá bi àwọn olórí pátírò wọn pé tó bá jẹ́ pé àwọn ló ni ọjọ́ Sátidé látàárọ̀ dalẹ́, kí ni wọ́n máa fi ṣe. Mi ò retí nǹkan kan. Àsìkò tí mo ń fọ abọ́ ni èsì ọ̀kan dé, láti orí fóònù ọ̀gá wọn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A fẹ́ rìn lóru, ká sì fọwọ́ ara wa dáná. Ìbéèrè kan ni, ẹ má bínú. Ṣé dandan ni kí ẹ̀yin ọ̀gá wà ní tòsí?"

Mo tẹ "òfin ní," mo pa á rẹ́. Mo tẹ "àwa kàn máa..." mo tún pa á rẹ́. Ohun tí mo wá fi ránṣẹ́ ni pé ibo ni wọ́n fẹ́ ká jókòó sí.

Wọn ò tíì dáhùn. Ó jọ pé wọ́n ń ṣèpàdé lé e lórí.