Fóòmù tó wà lórí látẹ́ẹ̀sì yín ni kí ẹ bèèrè

Àwọn tó ń ta tìmùtìmù látẹ́ẹ̀sì kì í yé sọ pé kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Oje igi rọ́bà tí wọ́n lù títí tó fi hó, tí wọ́n wá fi ooru sè, le ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ohun tí wọn kì í fẹnu bà ni fóòmù tí wọ́n tẹ́ lé e lórí. Irú èyí ni tèmi: látẹ́ẹ̀sì nísàlẹ̀, memory foam (fóòmù tí ooru ara ń mú rọ̀) lókè, aṣọ bo gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ibi tí ìbàdí mi máa ń wà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Mo ṣí síìpù aṣọ rẹ̀, mo ká fóòmù kúrò, mo sì na okùn le dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kan látẹ́ẹ̀sì dé èkejì. Okùn náà fara kàn án látòkè délẹ̀. Mo dá fóòmù padà, mo tún na okùn náà: ní àárín, ìka mi kọjá lábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Látẹ́ẹ̀sì ò ṣe nǹkan kan.

Òkè ni ara ń tẹ̀ jù, lálaalẹ́, lójú kan náà. Bí fóòmù òkè bá fúyẹ́, yóò sọ agbára nù tipẹ́tipẹ́ kí látẹ́ẹ̀sì tó mọ̀ pé ẹnì kan ń sùn. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí ẹ bèèrè: kílò mélòó ni fóòmù náà bí ó bá gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan? Fóòmù lásán tí kò tó kílò 28, èmi ò ní í tẹ́ ẹ sókè. Memory foam ní tirẹ̀, kílò 64 sókè ni kó jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ kí ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Fóòmù tó wúwo lè rọ̀, èyí tó fúyẹ́ sì lè le.

Bó ṣe ń rí lára ńkọ́? Látẹ́ẹ̀sì máa ń ti ara padà sókè, ẹ ó yí ẹ̀gbẹ́ láìsí wàhálà. Memory foam máa ń dúró de ooru ara kó tó rọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń padà sípò. Bí òtútù bá mú, á le gbagidi. Bí ó bá ti nípọn tó ìnṣì mẹ́ta, owó látẹ́ẹ̀sì lẹ san, fóòmù lẹ ń sùn lé. Ìnṣì kan tí wọ́n rán mọ́ aṣọ kò burú, nítorí kò sí ohun púpọ̀ níbẹ̀ tó lè jìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ kí ibùsùn máa ta wọ́n sókè, fóòmù á sì tù wọ́n lára. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó ṣeé yọ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ látẹ́ẹ̀sì ni mi ò lè gbà: ọjọ́ tí fóòmù bá kú, àwọn méjèèjì lẹ ó jọ gbé sọnù.

Látẹ́ẹ̀sì rírọ̀ ni mo fi rọ́pò tèmi, oríṣi tí wọ́n ń pè ní Talalay, tó sábà máa ń rọ̀ ju oríṣi kejì, Dunlop, lọ. Ẹ má sá a sóòrùn o, á gbẹ, á sì máa rún. Kí ẹ tó ra èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò, ẹ wọn bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe nípọn tó níbi etí tí kò tíì jìn. Bí tuntun bá fi díẹ̀ jù ú lọ, síìpù náà ò ní í pa dé.