Kí Ẹ Tó Ra Server fún Ẹgbẹ́ Yín

Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba ti jọ ń fowó pamọ́, tí wọ́n sì ń yá ara wọn lówó. Nítorí iṣẹ́ yìí, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn a máa pè mí láti béèrè irú server (kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) tí ó yẹ kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n kúkú gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí èmi náà máa ń bi wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn: bí ẹ̀rọ yín bá jóná lálẹ́ òní, tàbí tí ẹni tí ó ta ètò ìṣirò fún yín bá kó kúrò nílùú, ṣé ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kó àkọsílẹ̀ yín jáde kí ẹ sì ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kò sí server tí ó lè gbà yín. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ láti lo ètò kọ̀ǹpútà, ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Kí n tó dé ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ti ra ètò ìṣirò kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó láísẹ́ǹsì rẹ̀, ètò náà sì dára ní tirẹ̀: ó ń ṣírò èlé, ó ń tẹ ìwé gbèsè, ó sì ń pín èrè ọdún láìsí àṣìṣe. Nígbà tí ó yá, àkókò láti tún owó san tó, ṣùgbọ́n fóònù ilé iṣẹ́ náà kò lọ mọ́. A rán ènìyàn sí ọ́fíìsì wọn, aláṣọ ni ó bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì náà parí, ètò náà ti ara rẹ̀ pa, kò sì fi ohunkóhun hàn wá mọ́ àfi àpótí kékeré kan tí ó ní kí a tẹ nọ́ńbà tuntun síbẹ̀. Nínú ọ́fíìsì wa, lórí dísìkì tí a fi owó wa rà, ni àkọsílẹ̀ wa wà, síbẹ̀ a kò lè kà á, nítorí pé kò sí ètò mìíràn tí ó lè ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí mọ́.

Káàdì ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó yọ wá. A ní kí kálukú mú káàdì tirẹ̀ wá, wọ́n sì ń kó o dé, òmíràn ti gbó ní etí, òmíràn ti mu epo pupa débi pé a ní láti gbé e sókè sí fèrèsé kí a tó rí iye tí wọ́n kọ sí i. Akápò wa ń kà á sókè, ọmọbìnrin kan ń tẹ̀ ẹ́, èmi sì ń fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ìwé báńkì. Màmá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ na káàdì tirẹ̀ sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ló gbàgbé o, èmi ò gbàgbé." N kò rí èsì fọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, kí ẹgbẹ́ wa tó sanwó fún ètò kankan, olùtajà ní láti jókòó síwájú wa kí ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ jáde sí CSV, irú fáìlì tí Excel, LibreOffice, àní ètò kékeré tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán pàápàá lè ṣí. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí láísẹ́ǹsì bá parí, a ó ṣì lè máa wo àkọsílẹ̀ wa kí a sì kó o jáde, bí a kò tilẹ̀ lè kọ nǹkan tuntun sí i mọ́. Ayálégbé ni ẹni tí ó ń san owó láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún. Kò sí ohun tí ó burú nínú ilé àyágbé, ṣùgbọ́n onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù ayálégbé. Àwọn olùtajà kan yarí nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ dín àkókò tí à bá fi yẹ̀ wọ́n wò kù.

Àwọn kan á ní kí a kúkú lo ètò tí kò ní láísẹ́ǹsì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Linux (ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà), PostgreSQL àti MariaDB (ètò tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀), àti LibreOffice ní láísẹ́ǹsì tiwọn; ohun tí láísẹ́ǹsì náà gbà láàyè ni ó yàtọ̀. GPL, ọ̀kan nínú irú láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, tí Richard Stallman kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1989, tí Linus Torvalds sì fi Linux sábẹ́ rẹ̀ ní 1992, gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ètò, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe àti láti pín in, níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà bá ti fi ẹ̀tọ́ kan náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àwọn tí ó ń ṣe é kò lè yí ọkàn padà. Ní oṣù Kejìlá 2020, ilé iṣẹ́ Red Hat kéde pé CentOS 8, irú Linux kan, tí àwọn ènìyàn ti ń retí pé wọn yóò máa tún ṣe títí di 2029, yóò dópin ní ìparí 2021. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò há mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé kóòdù rẹ̀ (ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ètò náà) ti wà níta lábẹ́ láísẹ́ǹsì tí kò ṣeé gbà padà, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gbé AlmaLinux àti Rocky Linux jáde láti rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni MariaDB ṣe yà kúrò lára MySQL ní 2009, nígbà tí ó ti hàn pé Oracle fẹ́ ra ilé iṣẹ́ tí ó ni í. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn irú láísẹ́ǹsì yìí ju pé n kò sanwó rẹ̀ lọ. Owó tí ẹ kò san fún láísẹ́ǹsì, ẹ fi san owó iṣẹ́ fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ètò náà. Ní ìlú tí yunifásítì FUTA ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó mọ Linux kò wọ́n.

Ní ti ayédèrú ètò, èyí tí a dà kọ láìsan owó láísẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti dáàbò bo ìwé, èyí sì tó ìdí láti yẹra fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin kan sọ fún akọ̀wé wa ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí ó fẹ́ fi irú rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù: "Ẹ kọ́kọ́ pa antivirus yín ná, mà, kí ó má baà dí i lọ́wọ́." Ẹni tí ẹ kò mọ ni ó ti tú ètò náà palẹ̀ tí ó tún un tò, ẹ̀yin sì ni kí ẹ lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kì í gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Nígbà tí ètò burúkú tí wọ́n ń pè ní WannaCry ń ti fáìlì mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé ní oṣù Karùn-ún 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ó dí ihò tí ó ń gbà wọlé jáde láti oṣù Kẹta. Àwọn tí kò tíì fi sórí ẹ̀rọ wọn ni ó bá.

Ó kù server fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ta ààyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa fi 99.9% polówó, ìyẹn ìdá àkókò tí server yóò fi máa ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀, server náà ṣì lè dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láàárín ọdún kan, kí olówó rẹ̀ má sì tíì yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò mọ̀ bóyá iná wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ tàbí bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lọ. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn server tí ó wà ní òkè òkun ń ṣiṣẹ́ wọn lọ, àwa ni a kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, fún ẹgbẹ́ tí kò tóbi, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá sí ọ́fíìsì láti sanwó, mo fara mọ́ kí ẹ̀rọ tí à ń lò lójoojúmọ́ wà nílé, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sì wà níta.

Kì í ṣe iná tí ó lọ ni ó ń ba server jẹ́ bí kò ṣe bí ó ṣe ń lọ tí ó sì ń dé lójijì, nígbà tí àkọsílẹ̀ kan ṣì ń wọlé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó ní UPS, àpótí bátìrì tí ń gbé ẹ̀rọ ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá pè mí ni wáyà USB kékeré tí ó bá UPS wá, èyí tí yóò sọ fún server pé bátìrì ti fẹ́ tán kí server lè rọra pa ara rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọ̀rá tí ó bá wá ni ó ṣì wà, nínú páálí, lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ti san owó rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ wọn. Ẹ fi í há ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ fi NUT (ètò kan tí ń bá UPS sọ̀rọ̀) tàbí ètò tí ó bá UPS náà wá sórí server, kí ẹ sì yọ UPS kúrò lára iná níṣojú ara yín kí ẹ lè rí i pé ó ṣiṣẹ́.

Dísìkì méjì tí a so pọ̀ nínú server kan kì í ṣe ẹ̀dà. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé iṣẹ́ rẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà náà kò gbọdọ̀ bá ẹ̀rọ gbé ilé kan náà: nígbà tí iná jó ilé server kan tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ OVHcloud run ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹta 2021, àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀dà tiwọn náà wà níbẹ̀. Dísìkì kékeré kan ni tiwa, tí ó ń lọ sí ẹ̀ka wa ní Oǹdó ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí èyí tí ó wà níbẹ̀ á sì padà wá.

Kí a ní ẹ̀dà kò tíì tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú kóòdù àwọn ènìyàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tí ó rò. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti tọ́jú ẹ̀dà, kò sì sí ọ̀kan tí ó ṣeé gbára lé. Lẹ́tà tí ó yẹ kí ó máa kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀dà ojoojúmọ́ kò wọlé pàápàá ni a ti ń dá padà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ̀dà tí ẹnìkan nínú wọn fi ọwọ́ ṣe ní bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó gbà wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta, ohun tí mo sì kan sáárá sí wọn fún nìyẹn. Ọ̀nà tí èmi ń gbà yẹ tiwa wò ni pé, bí dísìkì bá ti Oǹdó dé, mo máa ń kó inú rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, akápò á sì dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá wù ú. Bí iye owó ẹni náà kò bá bá káàdì rẹ̀ mu, a kò ní ẹ̀dà.

Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ní kí a fi tó Àjọ tí ń rí sí i létí láàárín wákàtí 72 bí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn bá bọ́ síta lọ́nà tí ó lè pa wọ́n lára, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nínú tiwa. Àwọn tí ń fi orúkọ àwọn ajigbèsè ẹgbẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ka èyí sí ọ̀rọ̀ ààbò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń jò. A fòpin sí i. A fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, a sì máa ń pa ti ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ rẹ́ kí ó tó dágbére.

Ibi tí èmi àti ààrẹ ẹgbẹ́ ti jiyàn ni ti dísìkì tí ń lọ sí Oǹdó, èyí tí mo fi LUKS, ètò tí ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì, tì. Ẹni tí ó bá jí i kò ní rí nǹkan kà nínú rẹ̀, àwa náà kò sì ní rí i kà bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá sọnù. Bàbá ààrẹ ní kí n máa mú ọ̀rọ̀ aṣínà náà dání ní èmi nìkan, nítorí pé wọ́n fọkàn tán mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ̀. Inú àpòòwé méjì tí a lẹ̀ pa ni ó wà báyìí, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ ẹni tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí server. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ àti ímeèlì ọmọ tí ó bá yín ṣe é ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yí i padà sí orúkọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó ṣì ń gbé fóònù yín.