Kí ẹ tó ra sípíkà, ẹ wo yàrá yín ná

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ijó ní Abuja máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, sípíkà wo ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n pé báwo ni yàrá wọn ṣe gùn tó. Wọ́n á wá máa wò mí bíi pé mo fẹ́ bá wọn wá ilé gbà ni.

Ìdí tí mo fi ń béèrè rèé. House ni o, techno ni o, amapiano ni o, orí béèsì ni gbogbo wọn dúró lé. Ìsàlẹ̀ ìró kick, ìlù ńlá tó ń dún gbì gbì nínú orin, sábà máa ń wà ní nǹkan bí 50 sí 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìgbì ìró 50 Hz fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 7, bẹ́ẹ̀ yàrá tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà ní Kubwa àti Lugbe kì í sábà ju mítà 3 àbọ̀ lọ. Bí gígùn yàrá bá ti ṣe déédéé ìdajì ìgbì yẹn, wàhálà dé. Ìró á lu ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀. Láàárín yàrá, béèsì á pòórá. Lẹ́bàá ògiri, á máa bú ramúramù. Ògiri bùlọ́ọ̀kù àti táìlì kì í gba ìró mọ́ra, ṣe ni wọ́n ń dá a padà.

Ọmọkùnrin kan gbé orin wá bá mi nílé. Yamaha HS8 ló ń lò, èyí tí woofer rẹ̀ (ẹnu tó ń gbé béèsì jáde) jẹ́ ínṣì 8, owó gidi ló sì ná lé e lórí. Ohun tó ń dùn ún ni pé tí DJ bá ti fi orin òun sí i lóde àríyá, béèsì á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ lé e délé. Àárín gbùngbùn yàrá ni àga rẹ̀ wà. Mo ṣí FL Studio, ètò tó fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ìró sine 50 Hz kan ṣoṣo, ìró lásán tí kò ní àdàlù, mo ní kó dìde, kó máa fẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ yí i sókè ni?" Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibi tó ń jókòó sí ni kì í ti í gbọ́ béèsì, ló ṣe ń bù ú kún orin lójoojúmọ́.

A ò ra nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. A gbé tábìlì kọjú sí ògiri tó kúrú jù, a sì gbé àga sí nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 gígùn yàrá láti ògiri iwájú. Ibi tí wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Etí yín ló máa sọ ibi tó kù. A gbé sípíkà méjèèjì jìnnà síra wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí orí rẹ̀. Ó ti fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde kí yàrá lè jọ sitúdíò, mo ní kó má dán an wò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó nípọn wúlò níbẹ̀, ó ń gba ìró mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́yin. Kò lè mú béèsì rárá. Ohun tó ń mú un ni nǹkan tó nípọn, bíi rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) ínṣì 4, tí ẹ bá fi aṣọ wé e tí ẹ sì tò ó sí igun yàrá. Ẹ bo imú àti ọwọ́ kí ẹ tó gé e, ó ń yún èèyàn bíi wèrèpè.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Tí sípíkà yín bá ń kùn hùùù, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lára iná. Bí ariwo náà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, sípíkà yín ò bàjẹ́, ọ̀rọ̀ earth ni, ìyẹn wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi wáyà TRS, èyí tó ń dín ariwo iná kù, so interface (àpótí tó ń gbé ìró wọ kọ̀ǹpútà, tó sì ń gbé e jáde) mọ́ sípíkà, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ jẹ iná lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ earth lára plug, ẹ má dá a lóhùn, iná lè gbé yín. Inverter pẹ̀lú, pure sine wave ni kí ẹ rà, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere. Àwọn tó pọ́ọ́kú jù máa ń kùn sínú sípíkà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa da aṣọ bo gbogbo ẹ̀rọ. Eruku Abuja ń wọ inú bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ohùn, á wá máa ta pápàpá.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìlù àtijọ́ dẹ́rù bà yín. Roland TR-808 jáde ní 1980, TR-909 tẹ̀ lé e ní 1983, méjèèjì ò tà tó bí ilé iṣẹ́ Roland ṣe rò. Tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú Chicago àti Detroit ń rà, ni wọ́n bá fi dá house àti techno sílẹ̀. Lónìí, ìró àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Interface oníhò méjì tó yín, àfi tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn odidi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, headphone ni kí ẹ rà. Sony MDR-7506 ti wà láti 1991, wọ́n ṣì ń lò ó. Yàrá ò lè da béèsì inú rẹ̀ rú, Alhaji tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ò sì ní kan ilẹ̀kùn lóru. Tí ẹ bá parí orin, ẹ bẹ ọ̀rẹ́ yín tó ní mọ́tò, kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún DJ.